Píì Kan Péré

Ẹ má bi mí pé ta ló sọ fún mi. Mo mọ ilé náà. Mo ti jókòó nínú pálọ̀ náà rí, mo sì ti fi etí ara mi gbọ́ ohun tí mo fẹ́ sọ yìí. Ẹni tó bá fẹ́ gbà á gbọ́, kó gbà á gbọ́. Ẹni tí kò bá fẹ́, kó ṣáà má pè mí ní òpùrọ́ lójú mi, torí ó ti sú mi láti máa búra.

Bàbá Rúlà ni gbogbo àdúgbò ń pe ọkùnrin tí ọ̀rọ̀ yìí ṣẹlẹ̀ sí. Iṣẹ́ rẹ̀ ni yíya àwòrán ilé: ibi tí ògiri máa wà, ibi tí fèrèsé máa kọjú sí, bí àtẹ̀gùn ṣe máa ga tó. Ó fẹ́ràn kí nǹkan gún régé débi pé bí ìyàwó rẹ̀ bá gé búrẹ́dì fún un, á kọ́kọ́ yí i wò kó tó jẹ ẹ́. Ọdún mọ́kànlélógún ló fi ṣiṣẹ́ ní ọ́fíìsì kan ṣoṣo. Lọ́jọ́ kan, wọ́n ní kó máa lọ sílé. Ó ti di oṣù mẹ́jọ tó ti wà nílé. Ó kọ lẹ́tà ìwáṣẹ́ títí, kò sẹ́ni tó dá a lóhùn. Ó lọ sí ọ́fíìsì kan, wọ́n ní kó jókòó, wọ́n sì gbàgbé rẹ̀ síbẹ̀ títí ẹni tó ń ti ilẹ̀kùn fi bá a lórí àga.

Lẹ́yìn oṣù mẹ́jọ náà ni obìnrin kan tó ń kọ́lé fún àwọn èèyàn kọ̀wé sí i lórí fóònù. Ó ní ilé mẹ́fà ló wà nílẹ̀. Kó ya èyí àkọ́kọ́ ránṣẹ́ kí aago méjìlá ọ̀sán Mọ́ńdè tó lù. Bó bá dára, tirẹ̀ ni márùn-ún yòókù. Àmọ́ kó ní kọ̀ǹpútà tirẹ̀ nílé o, torí òun ò fẹ́ gbọ́ àwáwí.

Bàbá Rúlà ò ní kọ̀ǹpútà. Fóònù tó fi ka ìwé náà gan-an, rọ́bà ló fi dè é. Ó sì mọ̀ pé bí èyí bá bọ́, ó bọ́ nìyẹn. Ẹni ọdún mẹ́tàléláàádọ́ta, ta ló tún ń wá irú wọn?

Odidi kọ̀ǹpútà ju agbára rẹ̀ lọ. Ó pinnu láti ra ẹ̀yà ara rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, kó sì tò ó fúnra rẹ̀. Ó fi rúlà fa ìlà sórí bébà, ó wá to gbogbo wọn síbẹ̀: pùrósẹ́sọ̀ tó máa ronú, ráàmù tó máa rántí, káàdì tó máa gbé àwòrán jáde, páwà tó máa pín iná, àti mọ́dábọ́ọ̀dù, ìyẹn pátákó ńlá tí gbogbo wọn ń so mọ́. Ó kọ "tuntun" tàbí "tòkúnbọ̀" síwájú ọ̀kọ̀ọ̀kan. Tuntun kan ṣoṣo ló wà níbẹ̀.

Ìyàwó rẹ̀, aránṣọ tó ń ránṣọ nínú pálọ̀ wọn, gba bébà náà, ó wò ó lókè, ó wò ó nísàlẹ̀.

"Dádì, èyí kì í ṣe kọ̀ǹpútà. Ṣòkòtò alábùlẹ̀ ni."

"Alábùlẹ̀ náà ń bo ìdí," ni Bàbá Rúlà wí.

Abẹ́ àtẹ̀gùn ilé kan ni ṣọ́ọ̀bù ọkùnrin tó ń ta ẹ̀yà kọ̀ǹpútà wà. Ibẹ̀ fún débi pé bí èèyàn méjì bá ti wọlé, ẹnì kẹta á dúró síta. Ẹ̀rọ-Kì-í-Purọ́ ni wọ́n ń pe ọkùnrin náà, torí ọ̀rọ̀ yẹn kì í wọ́n lẹ́nu rẹ̀. Òun àti Bàbá Rúlà jọ yẹ bébà wò, wọ́n dúnàádúrà, wọ́n sì fi àpò ọ̀rá di gbogbo rẹ̀.

Ibẹ̀ ni wàhálà ti bẹ̀rẹ̀. Ọjọ́ Túsìdeè, pùrósẹ́sọ̀ kọ̀, kò wọ pátákó. Ẹsẹ̀ rẹ̀ kò bá ihò mu. Bàbá Rúlà gbé e padà. Pátákó kejì gba pùrósẹ́sọ̀, kò gba ráàmù. Ó tún gbé e padà. Ẹ̀kẹta gba méjèèjì, ṣùgbọ́n ó fẹ̀ ju àpótí tó yẹ kó wọ̀ lọ. Òógùn bo Bàbá Rúlà. Ẹsẹ̀ ló fi ń rìn lọ, ẹsẹ̀ ló fi ń rìn bọ̀.

"Ṣé kò sí nǹkan tó tún ń bá nǹkan mu láyé yìí mọ́ ni?" ni Bàbá Rúlà ké.

Ẹ̀rọ-Kì-í-Purọ́ bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó tọwọ́ bọ abẹ́ tábìlì dé èjìká, ó sì fa pátákó kan jáde. Kò ní páálí. Kò ní orúkọ lára. Bébà ìròyìn tó ti pọ́n ràkọ̀ràkọ̀ ni wọ́n fi wé e.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ gbé èyí wò."

Gbogbo nǹkan wọ̀ ọ́ wọ́ọ́rọ́wọ́. Kò sí èyí tí wọ́n fi tipá tì.

"Níbo lẹ ti rí i?"

Ẹ̀rọ-Kì-í-Purọ́ họ orí. "Mi ò rántí. Bóyá ó ti wà níbẹ̀ kí n tó gba ṣọ́ọ̀bù."

Wọ́n dán an wò níbẹ̀, àwọn méjèèjì. Bọ́tìnnì kan ló ń tàn án. Wọ́n tẹ̀ ẹ́. Kò kọ́kọ́ sí nǹkan. Bàbá Rúlà, tí kì í dẹ́kun àtiwọn nǹkan, ń kà nínú ọkàn rẹ̀: ení, èjì, títí dé èje. *Píì.* Ẹ̀ẹ̀kan. Ojú kọ̀ǹpútà sì mọ́lẹ̀.

"Píì kan, àlàáfíà nìyẹn," ni Ẹ̀rọ-Kì-í-Purọ́ wí. "Píì méjì, ráàmù ló ń ṣe é. Píì mẹ́ta, káàdì ni. Bí kò bá dún rárá, páwà ti kú. Ẹ̀rọ kì í purọ́."

Ọ̀sán Wẹ́sìdeè ni Bàbá Rúlà tò ó sórí tábìlì nínú pálọ̀. Ìyàwó rẹ̀ ń wọn èjìká oníbàárà kan lọ́wọ́. Ó tẹ̀ ẹ́. Ó kà dé èje.

*Píì. Píì.*

Ojú kọ̀ǹpútà dúdú bí ẹ̀yìn ìkòkò.

"Ráàmù," ni Bàbá Rúlà wí. Kò mu omi. Ó gbé e lé èjìká, ó padà sí ṣọ́ọ̀bù. Wọ́n pààrọ̀ ráàmù. Wọ́n tẹ̀ ẹ́ níbẹ̀. *Píì* kan. Ó ṣiṣẹ́. Ó gbé e dé ilé, ó bá oníbàárà méjì tí wọ́n ń bá ìyàwó rẹ̀ jiyàn lórí apá aṣọ. Ó tẹ̀ ẹ́.

*Píì. Píì. Píì.*

"Káàdì!" Ó lu tábìlì. Àwọn oníbàárà fi apá aṣọ sílẹ̀, wọ́n ń wò ó.

"Dádì, ẹ rọra," ni ìyàwó rẹ̀ wí.

"Kí n rọra sí ibo? Ọjọ́ ń lọ!"

Àárọ̀ Tọ́sìdeè, wọ́n pààrọ̀ káàdì. Ní ṣọ́ọ̀bù, *píì* kan. Ẹ̀rọ-Kì-í-Purọ́ ti ń fojú igun wò ó. Bàbá Rúlà dé ilé. Ìyàwó rẹ̀ ti gbé aṣọ lọ fún ẹni tó ni ín. Kò sẹ́nì kankan nílé. Ó tẹ̀ ẹ́. Ó kà dé èje. Ó kà dé ogún. Fáànù inú rẹ̀ ń yí, iná kékeré tó wà níwájú rẹ̀ tàn. Kò fọhùn.

Kí n má parọ́ fún yín, ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ níbẹ̀, ó sunkún.

Ẹ̀rọ-Kì-í-Purọ́ fúnra rẹ̀ wá sílé nígbà tí Bàbá Rúlà pè é lórí fóònù, tó ní òun máa bà á lórúkọ jẹ́. Kò jókòó. Kò gba omi. Ó na ọwọ́, ó tẹ̀ ẹ́. Àwọn méjèèjì dúró.

*Píì.* Ojú kọ̀ǹpútà mọ́lẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n, ṣé ẹ fẹ́ fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ ni?"

"Ọlọ́run gbọ́, kò dún! Kò dún rárá!"

"Ẹ̀rọ kì í purọ́," ni ọkùnrin náà wí, ó sì bá tirẹ̀ lọ. Bàbá Rúlà pa kọ̀ǹpútà kó lè tún wáyà rẹ̀ tò dáadáa. Ó tún tẹ̀ ẹ́. Ó kà dé èje. Ó dákẹ́ lọ gbári. Ó sáré jáde láti pe ọkùnrin náà padà, ṣùgbọ́n ẹni tó ń bọ̀ lójú ọ̀nà ni ìyàwó rẹ̀, tòun ti àpò aṣọ lọ́wọ́.

Ó wọlé. Obìnrin náà gbọ́ gbogbo ẹjọ́ náà.

"Ẹ tún un tẹ̀ kí n rí i."

*Píì.* Ó ṣiṣẹ́.

Obìnrin náà dúró pẹ̀lú téèpù ìwọnṣọ lọ́rùn. Ohùn rẹ̀ wá lọ sílẹ̀. "Lánàá, nígbà tó dún lẹ́ẹ̀mejì, èmi àti oníbàárà kan la wà níbí. Nígbà tó dún lẹ́ẹ̀mẹta, èmi àti oníbàárà méjì."

"Kí ni ìyẹn ní í ṣe pẹ̀lú káàdì?"

"Kì í ṣe káàdì, Dádì. Èèyàn ló ń kà. Bó bá ka ju ẹnì kan lọ, kì í ṣiṣẹ́."

Bàbá Rúlà rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín náà kò dé ojú. Ìyàwó rẹ̀ jáde sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó ké sí obìnrin tí wọ́n jọ ń gbé ilé, ó ní kó wá wo aṣọ kan. Wọ́n tẹ̀ ẹ́. *Píì. Píì.* Ó ní kí obìnrin náà pe ọkọ rẹ̀ wá. *Píì. Píì. Píì.* Àwọn mẹ́rin ni wọ́n wà nínú pálọ̀ náà. Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ tọkọtaya náà, ó sìn wọ́n jáde. Ó ku òun àti ọkọ rẹ̀. *Píì.* Lẹ́yìn náà, òun náà jáde, ó sì pa ilẹ̀kùn dé.

Bàbá Rúlà tẹ̀ ẹ́. Ení, èjì, ẹ̀ta, ẹ̀rin, àrún, ẹ̀fà, èje.

Fáànù nìkan ló ń yí.

Ìyàwó rẹ̀ ṣílẹ̀kùn. Wọ́n wo ara wọn.

"Èmi ńkọ́?" ni Bàbá Rúlà bi í.

"Wọn ò kà yín."

"Àwọn ta ni?"



Ẹ̀yin á rò pé ẹ̀rù ló ba Bàbá Rúlà. Inú ló bí i. Inú bí i débi pé itọ́ ń ta jáde lẹ́nu rẹ̀. "Èmi ni mo rà ọ́! Èmi ni mo gbé ọ lé èjìká lọ, gbé ọ bọ̀! O ka oníbàárà, o ka ayálégbé, èmi ni o ò rí kà?" Ó já ara rẹ̀ léèékánná. Ó lọ wo dígí. Ìyàwó rẹ̀ di ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì mú. "Ọwọ́ yín gbóná," ló wí. "Ẹ wà. Mo mọ̀ pé ẹ wà."

Ó ní kí wọ́n dá pátákó náà padà. Bàbá Rúlà kọ̀. Èwo ló tún máa bá yòókù mu? Mọ́ńdè ò sì ní dúró de ẹnikẹ́ni. Bí wọ́n ṣe gbà á nìyẹn. Ní àràárọ̀, obìnrin náà á ní kí àwọn oníbàárà dúró síta díẹ̀, á fa àga rẹ̀ súnmọ́ tábìlì, ọkọ rẹ̀ á tẹ̀ ẹ́, á dún lẹ́ẹ̀kan, iṣẹ́ á sì bẹ̀rẹ̀. Bó bá ti tàn tán, kò tún béèrè ẹnikẹ́ni mọ́. Fúráídè, Sátidé, Sọ́ńdè, ilé àkọ́kọ́ ń jáde yàrá kan tẹ̀lé òmíràn. Ó dára. Bàbá Rúlà fúnra rẹ̀ mọ̀ pé ó dára. Àtẹ̀gùn àti òrùlé ló kù.

Ilẹ̀ ọjọ́ Mọ́ńdè ò tíì mọ́ tán tí fóònù fi dún. Ọmọbìnrin wọn tó wà nílé ọkọ ti ń rọbí, wọ́n sì ti gbé e lọ sí ọsibítù. Ìyàwó Bàbá Rúlà wọ bàtà sódì, ó tún bọ́ ọ.

"Ẹ tàn án kí n tó lọ."

Ó dúró títí wọ́n fi kà dé èje. *Píì.* Ó sáré jáde.

Aago mẹ́wàá ku díẹ̀, iná ṣẹ́jú. Ẹ̀ẹ̀kan péré, bí ẹni mí èémí. Ojú kọ̀ǹpútà ṣú.

Iṣẹ́ tó ti ṣe kò nù. Àmọ́ kọ̀ǹpútà ní láti tàn kí Bàbá Rúlà tó lè parí rẹ̀. Ó tẹ̀ ẹ́. Ó dákẹ́. Ó jáde sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó kan ilẹ̀kùn kìíní, ó kan ìkejì, ó kan ìkẹta. Gbogbo wọn ti lọ síbi iṣẹ́. Ó bọ́ sí títì. Ọkùnrin kan ń kọjá lọ.

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ wá jókòó nínú ilé mi fún ìṣẹ́jú kan. Kò sí nǹkan tí ẹ máa ṣe. Kí ẹ ṣáà wà níbẹ̀."

Ọkùnrin náà wò ó, ó sì yára sí ìrìn rẹ̀. Èmi náà ìbá yára.

Ó pe Ẹ̀rọ-Kì-í-Purọ́. Fóònù náà dún títí, ó já. Ó padà wọlé. Aago mọ́kànlá ti kọjá. Ó tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀mẹrin, ẹ̀ẹ̀mẹrẹ̀ẹ̀rin ló dákẹ́ mọ́ ọn lójú. Oòrùn ti gbóná lára fèrèsé. Kò sí ariwo ní títì. Bàbá Rúlà gbé iwájú orí lé tábìlì.

"Ẹnikẹ́ni tó bá ń kà níbí," ló wí, "mo bẹ̀ yín. Ẹ kà mí. Ẹ̀ẹ̀kan péré. Mo wà níbí."

Ó tẹ̀ ẹ́. Ení. Èjì. Ẹ̀ta. Ẹ̀rin. Àrún.

Nígbà tó dé ẹ̀fà, àga ìyàwó rẹ̀ dún lẹ́yìn rẹ̀. Kò dún púpọ̀. Ìró tí igi àga máa ń ṣe bí èèyàn bá jókòó ni. Igi náà sì máa ń dún bẹ́ẹ̀ nínú oòrùn nígbà mìíràn.

*Píì.*

Ojú kọ̀ǹpútà mọ́lẹ̀.

Bàbá Rúlà kò bojú wẹ̀yìn. Ó fa àtẹ̀gùn, ó ka ipele rẹ̀, ó gbé òrùlé lé ilé náà. Ọrùn rẹ̀ le. Òógùn ń kán sórí ọwọ́ rẹ̀, kò nù ún. Lábẹ́ ìró fáànù, ó ń gbọ́ ìró kan tí kì í ṣe fáànù, tó ń lọ sókè, tó ń bọ̀ sílẹ̀, díẹ̀díẹ̀, bí èémí. Ó ku ìṣẹ́jú mẹ́jọ kí aago méjìlá lù nígbà tó fi àwòrán náà ránṣẹ́. Ó pa kọ̀ǹpútà. Ó dìde, ó fẹ̀yìn rìn gba ẹ̀gbẹ́ ògiri jáde, ojú rẹ̀ sì wà nílẹ̀ títí ó fi dé ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ibẹ̀ ni ìyàwó rẹ̀ bá a lọ́sàn-án.

"Obìnrin ni! Tìyátọmọ wà láyọ̀!" Lẹ́yìn náà ló wo ojú rẹ̀. "Ṣé iná ò lọ?"

"Ó ṣẹ́jú. Mo ti fi iṣẹ́ ránṣẹ́."

"Ta ló wá jókòó tì yín?"

"Kò sẹ́nì kankan."

Wọ́n wọlé. Wọ́n tẹ̀ ẹ́, àwọn méjèèjì dúró. *Píì. Píì.* Obìnrin náà fò sókè, ó ṣẹ́ ijó kan. "Wọ́n ti kà yín! Dádì, wọ́n ti kà yín!" Ó sáré jáde, ó pa ilẹ̀kùn dé, Bàbá Rúlà sì tún un tẹ̀ ní òun nìkan. *Píì.* Ó bú sẹ́rìn-ín. Oṣù mẹ́jọ ló ti ń retí irú ìdùnnú yẹn. Nígbà tí ìyàwó rẹ̀ padà wọlé, ẹ̀rín ti kúrò lẹ́nu obìnrin náà. Àga ara rẹ̀ ló ń wò.

"Ibi ẹ̀rọ ìránṣọ ni mo kọjú àga yìí sí kí n tó jáde."

Ibi tábìlì ni àga náà kọjú sí.

"Mo lè ti fà á," ni Bàbá Rúlà wí.

"Ṣé ẹ fà á?"

"Mi ò rántí."

Obìnrin náà fa ọkọ rẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kan, ó rọ ohùn sílẹ̀ bí ẹni tí wọ́n lè gbọ́. "Ẹ tẹ̀ ẹ́, ká sì jáde, àwa méjèèjì. Èje náà tó wa láti dé ọ̀dẹ̀dẹ̀, ká pa ilẹ̀kùn dé. Bó bá dákẹ́, ẹ̀yin ni wọ́n ń kà. Bó bá dún..."

Kò parí rẹ̀. Bàbá Rúlà pa kọ̀ǹpútà, ó sì gbé ìka lé ibi tí wọ́n ń tẹ̀. Ìyàwó rẹ̀ ti dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó di ilẹ̀kùn mú. Fóònù bá dún nínú àpò Bàbá Rúlà. Obìnrin tó ń kọ́lé ni.

"Iṣẹ́ yín mọ́ o. Márààrún ti di tiyín. Mo ń fi ìkejì ránṣẹ́ báyìí."

Bàbá Rúlà dúpẹ́, ó tún dúpẹ́, ó tẹríba fún fóònù. Nígbà tí ìpè náà parí, ó gbé ìka rẹ̀ kúrò lórí kọ̀ǹpútà.

"Dádì. Ó yẹ ká mọ̀."

"Bá a bá mọ̀ ńkọ́? Kí la fẹ́ fi ìmọ̀ ọ̀hún ṣe?" Ó ń sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́, ṣùgbọ́n inú tún ti ń bí i. "Bó bá jẹ́ èmi ni, ó dáa. Bí kì í bá ṣe èmi, ṣé kí n lọ máa bẹ èèyàn ní títì ni? Jẹ́ kó rí bẹ́ẹ̀."

Bó ṣe rí nìyẹn títí di òní. Kò sẹ́ni tó tíì dán an wò. Ìyàwó rẹ̀ gbé ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀ lọ sí yàrá, ó ń wọn àwọn oníbàárà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, ṣùgbọ́n kò gbé àga náà. Bàbá Rúlà máa ń wọ pálọ̀ láàárọ̀, á sì pa ilẹ̀kùn dé. Obìnrin náà á dá ẹsẹ̀ dúró lórí ẹ̀rọ ìránṣọ, á máa kà dé èje láti yàrá. Ọkọ rẹ̀ á kọ́kọ́ sọ̀rọ̀, kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́: "Ẹ káàárọ̀ o. Ṣé ẹ sùn dáadáa?" Á wá tẹ̀ ẹ́. Lẹ́yìn náà, *píì*.

Ilé kẹrin ló ń yà báyìí.